Bí mo ṣe ń ṣa jíǹsì òkìríkà lọ́jà Kàbbà

Má wo ojú rẹ̀ lásán, yí inú rẹ̀ síta. Bó bá funfun sí i, ó dáa: òwú tó gba òòró nìkan ni wọ́n ń pa láró, èyí tó gba ìbú kì í rí aró. Na ìdí rẹ̀ sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, gbé e padà. Èmi ò wò ó lọ́jọ́ kan, ló bá ya mọ́ mi nídìí lórí ọ̀kadà!

Fọwọ́ kan irin wẹ́wẹ́ etí àpò. Jacob Davis, télọ̀ kan ní Reno l'Amẹ́ríkà, ló fi í de àpò àwọn òṣìṣẹ́ kó má baà ya. Òun àti Levi Strauss, oníṣòwò aṣọ, gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1873. Aṣọ lébìrà ni o, ẹ̀yìn náà ló di aṣọ ìgbafẹ́.

Inú síta náà ni kó o fọ̀ ọ́, kó o sì sá a síbòòji.