Ikun imú ajá tó kọ̀ tí kò lọ: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bí ikun bá ti ń jáde nímú ajá fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀fìnkìn lásán. Síbẹ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe: wọ́n á fún un ní oògùn apakòkòrò (antibiotic, tó ń pa bakitéríà), ikun á gbẹ díẹ̀, oògùn á tán, ikun á tún dé. Wọ́n á wá lọ wá èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àṣìṣe tó ń jẹ owó àti àkókò jù lọ nìyẹn.

Bakitéríà ń gbé inú imú gbogbo ajá, títí kan èyí tí ara rẹ̀ le koko. Tí nǹkan mìíràn bá ti ba inú imú jẹ́, àyè gbà wọ́n nìyẹn. Wọ́n á pọ̀ sí i, ikun á ki, á dà bí ọyún. Oògùn apakòkòrò á dín wọn kù, ara ajá á sì fúyẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ohun tó fà á. Eṣinṣin kọ́ ló dá egbò sílẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó jẹ́ pé bakitéríà nìkan ló wà nídìí ikun tó pẹ́ nímú ajá. Ohun tó yẹ ká máa wá ni koríko tàbí kóró tó há sínú imú, eyín tó ti rà dé gbòǹgbò, fọ́ńgọ́ọ̀sì (irú èbu kan) tó ń jẹ́ Aspergillus, àrùn jẹjẹrẹ, kòkòrò tín-ín-tín tó ń gbé inú imú, tàbí kí awọ inú imú kàn máa wú láìrídìí. Ìdí nìyẹn tí fífi òwú nu ẹnu ihò imú lọ fún àyẹ̀wò bakitéríà kì í fi í tọ́ka síbì kankan: wọ́n á rí bakitéríà níbẹ̀ dandan.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ má kíyè sí ihò imú tó ń dà. Ẹ gbé dígí kékeré tó tutù síwájú imú ajá nígbà tó bá fara balẹ̀, tó pa ẹnu dé. Èémí rẹ̀ á fi àbàwọ́n méjì sára dígí náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kò gba ibẹ̀ kọjá. Ikun tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá máa ń jẹ́ ká fura sí nǹkan tó há síbẹ̀, eyín, fọ́ńgọ́ọ̀sì tàbí jẹjẹrẹ. Àmọ́ ìyọnu ibẹ̀ rèé: fọ́ńgọ́ọ̀sì àti jẹjẹrẹ lè jẹ ògiri àárín imú, kí ihò méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Torí náà, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà ẹranko kó tó bi yín. Bí awọ dúdú etí ihò imú bá ń ṣí, tó ń pupa, tí ajá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan imú rẹ̀, pàápàá ajá onímú gígùn, Aspergillus ló yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ajá àgbà tí ojú rẹ̀ ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹjẹrẹ ni ká bẹ̀rù.

Àwọn mìíràn a máa tan ara wọn jẹ nítorí pé sísín ti dín kù. Ajá tí koríko há sí nímú máa ń sín léraléra lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á máa fi ẹsẹ̀ ha imú. Tó bá yá, sísín á rọlẹ̀, ikun á dúró. Koríko náà ṣì wà níbẹ̀.

Oògùn èèyàn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Oògùn tí à ń kán sí imú tó dí, bíi xylometazoline àti oxymetazoline, lè da ọkàn àti ìfúnpá ajá rú bó ti wù kó kéré mọ. Pseudoephedrine, oògùn ọ̀fìnkìn tí à ń gbé mì, náà léwu, bẹ́ẹ̀ ni ibuprofen, oògùn ìrora. Òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó láti nu ikun kúrò. (Ẹni tí ajá ti sín ikun sí lójú rí mọ̀ bó ṣe ń wuni pé kó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.) Prednisolone (oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀) tí wọ́n fún ajá kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é tún burú lọ́nà tirẹ̀: bó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ó lè gbilẹ̀, irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní lymphoma sì lè súnkì fúngbà díẹ̀, kí àyẹ̀wò má sì rí i mú.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ má gbà pé inú imú dandan ni wàhálà wà. Àrùn tí eégbọn ń kó ranni, májèlé eku àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè fà á. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ń dì dáadáa, kí wọ́n tó ki irin bọ imú. Àwòrán CT, èyí tí ẹ̀rọ ń yà láti fi inú orí hàn, ló sì yẹ kó ṣáájú gígé ẹran inú imú fún àyẹ̀wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ á ba àwòrán jẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ajá bá ti sùn nípa oògùn, kí wọ́n yẹ eyín wò yíká pẹ̀lú. Eyín tó mọ́ lójú lè ti lu sínú imú lábẹ́ èrìgì.

Ní ti ìtọ́jú, oògùn mímu nìkan kì í sábà borí Aspergillus. Wọ́n á kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi clotrimazole, oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, kún imú fún nǹkan bíi wákàtí kan nígbà tí ajá bá ń sùn. Ó lè gba kí wọ́n tún un ṣe. Ìtànṣán ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ imú. Iṣẹ́ abẹ nìkan kì í ran án púpọ̀. Ti awọ imú tó ń wú láìrídìí ló máa ń sú èèyàn jù, nítorí a kì í sábà wò ó tán, a kàn ń kápá rẹ̀ ni. Bí ajá bá ń jẹun, tó ń sùn, tó kàn ń sín díẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ikun tó mọ́, ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má tìtorí ìyẹn pààrọ̀ dókítà.