Bí Ẹ Ṣe Máa Gbé Ọmọ Kékeré Lọ Sí Disney World Fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá láti London tàbí Èkó, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń ro Disney World, ọgbà ìgbádùn tó wà nítòsí Orlando, ní Florida, látìgbà tọ́mọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Mickey. Ó dáa gan-an. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sọ́kàn pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ò mọ iye tẹ́ ẹ san. Oorun ẹ̀ àti oúnjẹ ẹ̀ ló mọ̀. Oorun àti oúnjẹ yẹn la máa fi ṣètò gbogbo ọjọ́ náà, ẹ má wo owó tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wá máa wọ́ ọmọ kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ mú páàkì kan ṣoṣo

Disney World kì í ṣe páàkì kan o, mẹ́rin ni: Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní 1971, EPCOT ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998, wọ́n sì jìnnà síra débi pé ọkọ̀ lẹ máa wọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Fún ọmọ kékeré, Magic Kingdom ni kẹ́ ẹ mú, ibẹ̀ ni ráìdì (àwọn ẹ̀rọ ìgbádùn téèyàn ń gùn) tọ́mọ ọwọ́ pàápàá lè gùn ti pọ̀ jù. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kéèyàn wọ páàkì méjì lọ́jọ́ kan, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn tọ́mọ wọn ti dàgbà.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ

Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ló ń wọlé. Láti ọdún 3 sí 9, owó ọmọdé ni, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló fi dín sí tàgbà, tó bá sì ti pé 10, àgbà ni lójú wọn. Torí náà tọ́mọ yín bá máa pé ọdún mẹ́ta lóṣù kẹfà, tí àyè wà láti lọ lóṣù karùn-ún, ẹ lọ lóṣù karùn-ún jàre. Iye tíkẹ́ẹ̀tì ò dọ́gba lójoojúmọ́ o, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé èrò máa pọ̀ ló máa ń wọ́n. Ẹ sá fún àárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving (ìsinmi ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá), àti hòlídé Àjíǹde. Ìparí oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni èmi fẹ́ràn jù fún ọmọ kékeré, ooru ò pọ̀ nígbà yẹn. Oṣù kẹsàn-án náà èrò máa ń dín torí iléèwé ti wọlé, àmọ́ oòrùn Florida nígbà yẹn ń jó ni, òjò ọ̀sán àti àrá wà ńbẹ̀, tí àrá bá sì ti ń sán wọ́n máa dá àwọn ráìdì ìta dúró.

Ẹ wọn ọmọ nílé kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ mú téèpù, kọ́mọ wọ bàtà tó máa wọ̀ lọ, kẹ́ ẹ wọn gíga ẹ̀. Nínú àwọn ráìdì Magic Kingdom, Barnstormer ń fẹ́ 35 ínǹṣì, ìyẹn 89 sẹ̀ǹtímítà, Seven Dwarfs Mine Train ń fẹ́ 38 ínǹṣì, Space Mountain 44. Tọ́mọ ò bá tó o, kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ó sì sàn kẹ́ ẹ ti sọ fún un nílé ju kó dé ẹnu ọ̀nà kó wá bú sẹ́kún. Ọmọ yín ò ní ráre náà ṣá: Dumbo, àwọn ẹṣin tó ń yí po, ọkọ̀ ojú omi "it's a small world", ọkọ̀ ojú irin tó ń yí páàkì ká, PeopleMover tó jẹ́ ọkọ̀ tó ń rọra lọ, kò sí èyí tó ń béèrè gíga nínú wọn.

Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa fi fídíò àwọn ráìdì yìí hàn án lórí YouTube, torí òkùnkùn wà nínú àwọn kan, ẹ sì jẹ́ kó rí bí Mickey ṣe tóbi tó lójúkojú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jó tó bá rí Mickey nínú tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ló máa sá bí ìgbà tó rí eégún fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí fọ́tò ti ọmọ tó ń sunkún lọ bá Mickey. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó juwọ́ sí i, tó bá fẹ́ súnmọ́ ọn á súnmọ́ ọn.

Tí ẹ̀yin àgbà bá fẹ́ gun ráìdì tọ́mọ ò tó, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ pé Rider Switch lẹ fẹ́. Ẹnì kan á dúró ti ọmọ, ẹnì kejì á gùn ún, tíyẹn bá dé, ẹni tó dúró náà á lọ láì tún bẹ̀rẹ̀ láìnì látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Tí màmá àgbà bá wá láti ilé, tó bá yín lọ, ẹ má rò pé torí àtidúró ti ọmọ ni wọ́n ṣe wá o, ẹ jẹ́ kí wọ́n gun ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi yẹn pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ, àti ọ̀jà

Kódà ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti ń sáré kiri ilé, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dání fún un, ibẹ̀ fẹ̀ kọjá ohun tẹ́sẹ̀ ẹ̀ lè rìn. Kẹ̀kẹ́ náà ò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 31 ínǹṣì lọ, kò gbọdọ̀ gùn ju 52 lọ, wágọ̀n tí wọ́n ń fà kò sì gba ẹnu géètì wọlé rárá. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ háyà nínú páàkì, àmọ́ oníke líle ni, kò ṣeé sùn sí, torí náà ẹ mú tiyín wá. Kẹ̀kẹ́ kì í sábà wọ láìnì, ìta lẹ máa páàkì ẹ̀ sí láàárín àìmọye kẹ̀kẹ́ tó jọra, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè sún un síbòmíì nígbà tẹ́ ẹ wà nínú ráìdì. Ẹ so aṣọ ańkárá kan mọ́ ọwọ́ ẹ̀, ẹ máa tètè rí i. Owó, fóònù, páspọ̀tù, ẹ má fi sínú ẹ̀.

Níbi láìnì yẹn gan-an ni ọ̀jà ti wúlò. Ọmọ tára ẹ̀ ti ń wúwo, tẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n, ọwọ́ yín méjèèjì á wà lófìfo, òun náà á sì fi ẹ̀yìn yín sùn. Tó bá kan yín láti wọ ráìdì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Oúnjẹ

Wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ wọlé, àwọn míì ò mọ̀, wọ́n á wá máa fi dọ́là ra ohun tọ́mọ ò ní jẹ. Ẹ gbé ìrẹsì yín, ẹ gbé dòdò, ẹ gbé pọ́fúpọ́ọ̀fù. Ohun tí wọn ò gbà ni ọtí, ìgò gíláàsì (àfi ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́), àti yìnyín tó tú sílẹ̀, torí náà áísípáàkì ni kẹ́ ẹ fi mú nǹkan tutù. Omi, ẹ má ràá! Níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá, ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ omi tútù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á fún yín.

Ẹ tún mọ ibi tí Baby Care Center wà, ní Magic Kingdom ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace ni. Ibẹ̀ lẹ ti lè fún ọmọ lọ́mú láìsí ariwo, ẹ lè pààrọ̀ páńpáásì, ẹ lè mú oúnjẹ ọmọ gbóná, tí páńpáásì bá sì tán wọ́n ń tà á ńbẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí. Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò lọ, ẹ rántí pé kì í ṣe ẹnu géètì lẹ máa páàkì sí, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí monorail (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí irin kan ṣoṣo) kẹ́ ẹ tó dé Magic Kingdom, ẹ fàyè sílẹ̀ fún ìyẹn. Àwọn tó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney máa ń wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn yòókù, ẹ lò ó. Láàárọ̀ tára ọmọ ṣì dá, ẹ gun Peter Pan's Flight àti Dumbo, torí láìnì wọn á gùn tó bá yá. Lightning Lane tí wọ́n ń sanwó fún kéèyàn má tò pẹ́, èmi ò ní rà á fún ọmọ ọdún méjì, ráìdì mẹ́rin márùn-ún ti tó o lọ́jọ́ kan.

Ẹ ya fọ́tò ọmọ láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá sọ nù, ẹ sáré bá òṣìṣẹ́ tó fi orúkọ sáyà, Baby Care Center yẹn náà ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ tó sọ nù lọ.

Tó bá ti di àsìkò tọ́mọ máa ń sùn lọ́sàn-án, ẹ jáde, ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, kódà tó bá ku ráìdì kan péré. Oòrùn gbóná jù nígbà yẹn, èrò náà pọ̀ jù. Tí hòtẹ́ẹ̀lì bá jìnnà, ẹ wá ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kọ́mọ sùn nínú kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn oorun, tára ẹ̀ bá yá, ẹ padà lọ, tí kò bá yá, ẹ dúró sílé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo fáyáwọ́ọ̀kì alẹ́, ariwo ẹ̀ pọ̀ o, ẹ mú ohun tó ń bo etí ọmọ dání, ẹ dúró síbi tó jìnnà sí iwájú ilé ọba Cinderella tó wà láàárín Magic Kingdom. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti pààrọ̀ páńpáásì, ẹ ti wọ aṣọ oorun fọ́mọ, torí ó ṣeé ṣe kó sùn lọ, ẹ ò sì ní fẹ́ jí i láti pààrọ̀ aṣọ. Gbogbo èrò á jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó bá parí. Ẹ jáde ṣáájú wọn, tàbí kẹ́ ẹ jókòó kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tán. Ọjọ́ kejì, ẹ má fi páàkì kankan sí i, ẹ jẹ́ kọ́mọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì.