Bí Mo Ṣe Gun Odi Kangra

Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fún wa nílé ẹ̀kọ́ ní Punjab ni mo fi lọ wo odi Kangra, ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh ní India, lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya. Àwọn ọba Katoch ló ni ín láyé àtijọ́. Kí n tó gbéra, mo to àwọn ọdún sínú ìwé kékeré kan láti òkè wá sísàlẹ̀: 1009, Mahmud ọba Ghazni kó ìṣúra ibẹ̀ lọ, 1620, ọmọ ogun Jahangir ọba ìjọba Mughal tó ń ṣàkóso India nígbà náà gbà á, 1786, Sansar Chand, ọmọ Katoch, gbà á padà, 1809, Ranjit Singh, 1846, àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ti ń gòkè ni màá máa fàmì sí i.

Mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Kangra, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ẹsẹ̀ odi. Owó ìwọlé àlejò ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ fíìfíì. Mo kùn, mo san án.

Ẹnubodè tí mo kọ́kọ́ bá, Ranjit Singh ló ń jẹ́. Mo ṣíwèé wò: ìsàlẹ̀ ni orúkọ yẹn wà! Àbí mo ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni? Mo gòkè díẹ̀ sí i, mo kan Ahani àti Amiri, tí wọ́n ní gómìnà tí ìjọba Mughal kọ́kọ́ fi síbẹ̀ ló kọ́ wọn, mo sì kan Jahangiri. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Bí odi ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń fi ẹnubodè kún un lápá ìta, torí náà ẹni ìkẹyìn lèèyàn ń kọ́kọ́ bá. Mo dorí ìwé mi kodò, mo ń ka ọdún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ẹ má wọ sálúbàtà lọ o. Èmi wọ̀ ọ́, òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti dán bí ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí jókòó láìrò tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe ń sinmi ni mo ń ro ọ̀rọ̀ Sansar Chand. Àwọn Gurkha láti Nepal dó ti odi yìí láti 1806, ebi fẹ́ẹ̀ lu ará inú rẹ̀ pa. Ó ránṣẹ́ pe Ranjit Singh, ọba Punjab, kó wá gba òun. Ó wá lóòótọ́, ó lé àwọn Gurkha lọ, ó sì fi ọmọ ogun tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó pe ọ̀rẹ́ wá bá a lé olè, ọ̀rẹ́ bá jókòó sórí àga onílé.

Ẹnubodè tó ṣáájú àgbàlá tẹ́ńpìlì ni Darshani. Ère òrìṣà odò méjì, Ganga àti Yamuna, dúró lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ojú wọn ti họ. Nínú àgbàlá, ògiri ẹ̀yìn nìkan ló kù nínú tẹ́ńpìlì Lakshmi Narayan. Mo fi ìka tọ òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta rẹ̀: etí ewé kọ̀ọ̀kan ṣì mú. Kì í ṣe ogun ló wó o. Ilẹ̀ ló mì ní April 4, 1905, tó pa èèyàn tó lé ní 20,000 ní agbègbè náà. Ọdún yẹn kò sí nínú ìwé mi. Mo há a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lókè téńté, mo rí ibi tí odò Banganga àti Manjhi ti pàdé nísàlẹ̀. Mo bọ́ sálúbàtà sọ́wọ́, mo yí ìwé mi padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo sì ń kà á bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀.