Ẹ má jẹ́ kí òórùn inú ìtọ̀ alátọ̀gbẹ sá mọ́ yín lọ́wọ́

Mo ṣì kéré nígbà tí màmá bàbá mi fi hàn mí bí èèrà ṣe ń ṣùrù bo ibi tí bàbá mi tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Ṣúgà ni èèrà ń bá wá. Èmi tí mo jókòó ti ẹ̀rọ GC-MS (ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀, tó sì ń fi ìwúwo wọn dá wọn mọ̀) lónìí, èròjà tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni mò ń wá nínú irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá acetone. Bí insulin, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà, kò bá tó, ara á máa jó ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di àwọn èròjà tí à ń pè ní ketone, acetone tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn á sì bá ìtọ̀ àti èémí jáde.

Kí ẹ tó gba ìtọ̀, ẹ bèèrè bóyá ẹni náà ń gbààwẹ̀. Ebi nìkan tó láti mú acetone pọ̀ lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni mo máa ń gbà. Ẹ dé ìgò rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sórí yìnyín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pín in sí ìgò kéékèèké kó tó wọ fíríìsà −80°C.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ da 5 mL sínú ìgò 20 mL, ẹ bu iyọ̀ sí i títí kò fi ní yọ́ mọ́. Iyọ̀ ló ń lé òórùn kúrò nínú omi. Ẹ fi ìwọ̀n acetone-d6 (acetone tó ní hydrogen wíwúwo, tí ẹ̀rọ lè yà sọ́tọ̀ sí ti inú ìtọ̀) kan náà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ní ohun tí ẹ ó fi díwọ̀n. Ẹ gbé e sínú ooru 60°C, kí okùn tín-ín-rín SPME, èyí tó ń fa òórùn mọ́ra, rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ òkè ìtọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má kan ìtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ aago gidigidi. Acetoacetate, ketone mìíràn, wà nínú ìtọ̀ yẹn, ooru sì máa ń sọ ọ́ di acetone. Bí ìgò kan bá pẹ́ nínú iná ju èkejì lọ, ẹ̀yin lẹ dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

Ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnìkan ń fi acetone fọ ìgò lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò, ó sì dùn mí wọra, torí kò rọrùn fún àwọn aláìsàn láti fún wa ní ìtọ̀ náà. Látìgbà náà, ìgò omi oníyọ̀ lásán ló ń kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ mi láàárọ̀. Bí 58 àti 43, nọ́ńbà ìwúwo tí ẹ̀rọ fi ń dá acetone mọ̀, bá yọ níbẹ̀, n kì í fọwọ́ kan ìtọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Alátọ̀gbẹ máa ń tọ̀ púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè là bí omi. Ẹ wọn creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí láti inú iṣan tí ara ń tọ̀ dànù ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà), kí ẹ fi pín iye acetone tí ẹ bá rí.