Bí a ṣe ń pe Om láìfi ù kún un

Om ni ọ̀rọ̀ mímọ́ tí àwọn yógì ilẹ̀ Íńdíà, àwọn tó ń ṣe yóógà, máa ń pè nígbà àṣàrò. Wọ́n gbà pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìró wà. Ìró mẹ́ta ló so pọ̀: A, U, M. Mandukya, ìwé ẹsẹ 12 péré, ní A ni ojú tó là sílẹ̀, U ni àlá, M ni oorun àsùnwọra. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé M ni ẹ̀kẹrin, ibẹ̀ sì ni ọkàn ti ń dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ba ìparí jẹ́ ti pàdánù ẹ̀kẹrin nìyẹn.

Ìparí yìí gan-an la máa ń ṣì. Bí a ṣe ń sọ fíìmù àti bọ́ọ̀lù náà la ṣe ń sọ "óòmù", ẹnu á sì là padà. Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ sọ "ń bọ̀": ètè á pàdé, kí ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má dé "bọ̀". Ẹ fi ìka méjì fún imú pa díẹ̀. Bí ohùn bá gé, M ni. Bí kò bá gé, ù lẹ ń pè. Ohùn kan náà ni látòkèdélẹ̀, re ni kó jẹ́. Ẹ má gbé e sókè sílẹ̀ bí oríkì.

N'Ìbàdàn, aago 4:30 ìdájí ló dáa jù, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, kí máíkírà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ará ilé á dá sí i. Bó bá sì jẹ́ alẹ́ náà ló rọrùn, ẹ jẹ́ kí àmàlà ti lo wákàtí 3 nínú, torí ikùn tó kún kì í jẹ́ kí èémí lọ sísàlẹ̀.

Ẹ ká ìró ìdí sí 4 sábẹ́ ìdí lórí ẹní, kí orúnkún lè rẹlẹ̀ ju ìbàdí lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ á kú. Àga lásán náà dára.

Ẹ fa èémí símú, ẹ ka 4. Bó ti ń jáde, A fún 2, ọwọ́ tó wà láyà á máa gbọ̀n. U fún 3. M fún 6, agbárí ni yóò ti máa dún. Ẹ wá dákẹ́, ẹ mí wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó pe òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ ń mí jù: ẹ dá a dúró. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Mókṣà, ìdásílẹ̀ ọkàn, ni wọ́n ń wá. Àwa a máa dunnú tí Babátúndé bá dé. Lójú àwọn yógì, àtúnwá yẹn gan-an ni ẹ̀wọ̀n. Àìmọ̀ ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀: èèyàn ń fi ara àti èrò pe ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí Patanjali, ẹni tó kó ìlànà yóógà jọ sínú ìwé, fi ní kí ìtumọ̀ Om wà lọ́kàn ẹni tó ń pè é.

Tó bá ti mọ́ra, ẹ gbé e sábẹ́ ètè, lẹ́yìn náà sínú ọkàn. Èyí tí etí ò gbọ́ ni wọ́n kà sí jù. Ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni wọ́n fi ń kà á. Tẹ̀sùbáà ẹlẹ́yọ 99 náà á ṣe é: ìyípo kan, ẹ wá fi 9 lé e. Àtàǹpàkò àti ìka àárín ni kí ẹ lò, torí ìka ìfábẹ̀lá dúró fún ìgbéraga lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ bá dé olórí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má rékọjá rẹ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ máa kà á bọ̀.