Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe rìfíù géèmù n'Ìkòròdú, ariwo kọ́ ni pàsónálítì o

Àbúrò mi, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: wàá tan fóònù, wàá pariwo, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju pádì mọ́lẹ̀ (pádì olówó gọbọi o!), fídíò á sì parí láìjẹ́ ká mọ̀ bóyá géèmù yẹn ń háńgì, iye GB tó máa jẹ, àbí ó máa ṣiṣẹ́ lórí PS4 àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Sábó. Ohun tá a bá wá gan-an nìyẹn.

Mi ò ní kó o má yàtọ̀ o. Tí mo bá ti mọ̀ ẹ́ sí ẹni tí ò fẹ́ràn nǹkan míì ju bọ́ọ̀lù lọ, tó o wá ní géèmù ìjà kan ò dáa, mo mọ ibi tí màá gbé ọ̀rọ̀ ẹ sí. Iṣẹ́ tí pàsónálítì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ní Famitsu, ìwé ìròyìn géèmù ti Japan, èèyàn mẹ́rin ló ń fún géèmù kan ní máàkì, kálukú nínú 10, wọ́n á rò ó pọ̀ sórí 40, torí ojú ò rí nǹkan bákan náà.

Má jí ohùn olóhùn o jàre. Ọmọ Ìgbógbó tó ń fimú sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà, ta lo fẹ́ tàn jẹ?

Èyí tó burú jù ni títa ẹnu ẹ, kó o máa yin géèmù tí ò dáa torí owó. Ní November 2007, GameSpot, sáìtì rìfíù géèmù ní Amẹ́ríkà, lé Jeff Gerstmann tó ń ṣe rìfíù fún wọn lẹ́yìn tó fún géèmù Kane & Lynch ní 6.0 nínú 10, bẹ́ẹ̀ ìpolówó géèmù yẹn kún sáìtì wọn nígbà yẹn. Ní 2008 òun àti Ryan Davis tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dá sáìtì géèmù tiwọn, Giant Bomb, sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ síbẹ̀ torí wọ́n ti mọ ẹnu ẹ̀.

Tó o bá gbowó, sọ, má fi pamọ́. Ní 2016, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, mú Warner Bros., iléeṣẹ́ tó gbé géèmù jáde, torí àwọn oní-YouTube tí wọ́n sanwó fún nítorí géèmù Shadow of Mordor, ìsàlẹ̀ fídíò lọ́hùn-ún ni Warner ní kí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn gbowó, níbi tó jẹ́ àfi kó o tẹ nǹkan kó o tó rí i. Fi ẹnu ẹ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù ní Agric ló jẹ́ kó o gbá géèmù lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí kó o lè dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, sọ ìyẹn náà.