Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá mọ́nítọ̀ òwú yín ń parọ́

Lóko òwú ńláńlá bíi ti Georgia àti Texas l'Amẹ́ríkà, mọ́nítọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ ìkórè ló ń sọ iye òwú tó ń jáde níbi kọ̀ọ̀kan, á wá fi ya mápù. Mápù ọ̀hún máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó torí ẹ̀ ra ajílẹ̀, ẹ dán an wò ná.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú sẹ́ńsọ̀ tó ní, ìyẹn ohun tó ń mọ̀ bí òwú ṣe ń kọjá. Àwọn kan ń lo microwave (ìgbì bíi ti rédíò), àwọn míì ń lo iná: iná á tàn láti ẹ̀gbẹ́ kan páìpù tí atẹ́gùn ń fẹ́ òwú gbà, sẹ́ńsọ̀ á wà lódìkejì, bí òwú bá ṣe ń dí iná yẹn ló fi ń ṣírò. Oníná yìí ló ní wàhálà o, torí eruku àti oje ewé máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀, á wá máa ka ìdọ̀tí mọ́ òwú. Ẹ nù ún láràárọ̀, tó bá dọ̀sán ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo sẹ́tìn náà. Tó bá jẹ́ ìlà mẹ́fà lẹ̀rọ ń já lẹ́ẹ̀kan, mẹ́fà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí i. Ẹ wo iye sẹ́kọ́ńdù tí òwú fi ń ti iwájú dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mápù á kó òwú ibí lọ sọ́hùn-ún.

Ó wá kan ìwọ̀n, ibí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹrù kọ̀ọ̀kan tẹ́rọ bá já, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n tó dájú, ẹ kọ tìwọ̀n, ẹ kọ ti mọ́nítọ̀, ẹ wo ohun tó fi jìnnà síra. Ká ní ìwọ̀n sọ pé 2,000 kílò, mọ́nítọ̀ pe 2,200, ó ti fi 10% lé e nìyẹn. Tí ẹrù kejì náà bá wọn 2,000 tí mọ́nítọ̀ pè é ní 1,800, tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ àṣìṣe á di òfo, ẹni tó ń tà á á sì ní "ṣẹ́ ẹ rí i, ó pé pérépéré!" Ẹ má gbà fún un, ẹrù kọ̀ọ̀kan lẹ máa wò.

Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ irúgbìn, tàbí òwú tutù ju tàná lọ, ẹ tún un wọ̀n.

Tí mọ́nítọ̀ bá ń fi nǹkan bíi 10% lé gbogbo ẹrù, ẹ tún sẹ́tìn ẹ̀ ṣe, ó tán. Tó bá ń lọ sókè sódò, ẹ ṣì lè fi wo apá ibi tó dáa gan-an lóko àti ibi tó kú, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ irúgbìn tó ju ìkejì lọ.